Ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira: àlàyé lórí open source fún àwọn olùkọ́ wa

Ní ìpàdé àwọn olùkọ́ kan tí wọ́n pè mí sí ní Kábà láti wá sọ̀rọ̀ lórí sọ́fítíwià open source fún ilé ẹ̀kọ́, mo ti sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, mo sì ti tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo ohun tí mo ń sọ, nígbà tí màmá kan tó jókòó ní ìlà kejì nawọ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Word tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi yìí, ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ló bá mi fi sí i. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo fún un, ó sì tún bá mi nu eruku inú rẹ̀. Kí ni tiyín wá fi yàtọ̀?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdáhùn tó mọ́yán lórí kò sí lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Mo ti ro ìbéèrè náà lọ, ro ó bọ̀ láti ìgbà yẹn, mo sì gbà pé màmá ló jàre. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, láti Kábà dé Ìjùmú, láti Mópà dé Ìsánlú títí a ó fi kan Ẹ̀gbẹ̀, ekukáká ni a fi lè rí olùkọ́ tó ń san owó sọ́fítíwià fún ilé iṣẹ́ tó ṣe é; owó iṣẹ́ ẹni tó bá a fi sórí kọ̀ǹpútà ni ó ń san. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró níwájú àwọn olùkọ́ wa tó ń polówó open source pé ọ̀fẹ́ ni, omi ló ń tà létí odò. Ohun tó sọ open source di open source kì í ṣe iye owó rẹ̀ rárá. Ohun mìíràn ni, ẹni tí kò sì kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí lè lóye rẹ̀ bí a bá là á yé e dáadáa.

Sọ́fítíwià ni àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ máa ń kọ ọ́ ní èdè tí ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà lè kà, èyí tí wọ́n ń pè ní kóòdù, lẹ́yìn náà ni yóò yí kóòdù yìí padà sí òǹkà gbọọrọ tí ẹ̀rọ nìkan ń gbọ́. Òǹkà yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tà fún wa; kóòdù tí wọ́n fi ṣe é wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ fi wé ìgò àgbo. Alágbo kan wà tó jẹ́ pé ìgò nìkan ni yóò gbé lé yín lọ́wọ́: ẹ lè mu ún, ibà yín lè lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ewé tó wà nínú rẹ̀, ẹ kò mọ egbò tàbí èèpo tó fi sí i, bí ó bá sì korò jù fún ọmọdé, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i, àfi kí ẹ padà lọ bá a. Alágbo kejì wà tó jẹ́ pé bí ó ti ń gbé ìgò fún yín ni yóò máa ka ewé ibẹ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sọ iye omi, yóò sọ bí iná rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, yóò sì ní kí ẹ lọ sè é fúnra yín, kí ẹ yọ ewé tí kò bá yín lára mu, kí ẹ sì bu fún àna yín bí ó bá wù yín. Alágbo kejì yìí lè gbowó lọ́wọ́ yín o. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ gbowó. Ohun tó fi ju ti àkọ́kọ́ lọ ni pé ẹ mọ ohun tó wà nínú ìgò, ẹ sì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Òun ni open source: sọ́fítíwià tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, tí a sì fún wa láṣẹ láti lò ó, láti tún un ṣe àti láti pín in.

Bí àṣẹ yẹn bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, alágbo lè sẹ́ ẹ lọ́la. Ìdí nìyí tí sọ́fítíwià open source fi máa ń ní ìwé àṣẹ tí a kọ sílẹ̀, tí ilé ẹjọ́ lè kà, tí wọ́n ń pè ní láísẹ́ǹsì. Richard Stallman, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT nígbà náà, ló kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983 pé òun fẹ́ kọ odidi ètò kan tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ènìyàn yóò lè wo inú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní GNU. Ní 1985 ó dá Free Software Foundation sílẹ̀, ní 1989 ó sì gbé láísẹ́ǹsì tí a mọ̀ sí GPL jáde. Àwọn ẹ̀tọ́ mẹ́rin ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò kalẹ̀, wọ́n sì ń kà wọ́n láti òdo dé ẹẹ́ta, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń kọ kóòdù ṣe máa ń ka nǹkan: ẹ̀tọ́ láti lo sọ́fítíwià náà fún ohunkóhun tó bá wù wá, ẹ̀tọ́ láti wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a sì tún un ṣe, ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, àti ẹ̀tọ́ láti pín èyí tí a ti tún ṣe náà. GPL wá fi gbólóhùn kan lé e, èyí tó jẹ́ pé, bí a bá fi àgbo sọ ọ́, ẹni tó bá fi ewé mi sè tirẹ̀ tó sì fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ka ewé náà fún òun náà. Àwọn láísẹ́ǹsì mìíràn, bíi ti MIT àti BSD, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju pé kí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é má parẹ́.

Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki ní Finland, kọ Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ti ń ṣe, ní 1991, ó sì fi sábẹ́ GPL ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Orúkọ open source fúnra rẹ̀ kò jáde títí di 1998, nígbà tí àwọn kan rí i pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Stallman ń lò, free, ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tí kò lówó àti ohun tí kò sí nínú ìdè. Ìṣòro yẹn kò sí nínú Yorùbá. Ọ̀fẹ́ wà, òmìnira wà, kò sì sí ọmọdé tó máa fi ọ̀kan pe èkejì. Àwa fúnra wa la fa ìdàrúdàpọ̀ náà wọlé nígbà tí a ń túmọ̀ free software sí "sọ́fítíwià ọ̀fẹ́" káàkiri. Bí mo bá lè padà sí ìpàdé ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ òmìnira ni ǹ bá fi ṣáájú, ǹ bá sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ pátápátá.

A lè fi àwọn nǹkan tó ti wà lọ́wọ́ wa dán ọ̀rọ̀ méjèèjì wò. WhatsApp jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wo inú rẹ̀ tàbí tún un ṣe, nítorí náà kì í ṣe open source. Google Docs náà rí bẹ́ẹ̀. Ti GeoGebra tí àwọn olùkọ́ ìṣirò fẹ́ràn, tó bẹ̀rẹ̀ ní Austria ní 2001, tún ní ìdíjú díẹ̀: kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa wà fún ìlò tí kò ní èrè nínú, nítorí náà ó dára kí ẹni tó fẹ́ fi gba owó ẹ̀kọ́ ka láísẹ́ǹsì rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìdà kejì, Linux ló wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android. Gbogbo olùkọ́ tó fi fóònù Android rẹ̀ sórí tábìlì lọ́jọ́ náà, tó ń bi mí bóyá Linux le kọ́, ti ń lo Linux láti àárọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ohun tó fi sórí kọ̀ǹpútà màmá ni èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí crack, ìyẹn sọ́fítíwià tí ẹnì kan tí a kò mọ̀ ti já àgádágodo rẹ̀. Kí wọ́n tó fi sí i, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, ó sì yẹ kí ìyẹn nìkan mú ènìyàn ronú. Ìgò àgbo tí a kò mọ ewé inú rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ẹnì kan tún wá ṣí ìdérí rẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ àtinúdá, èyí tó jẹ́ ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láìgba àṣẹ. Síbẹ̀, mi ò gbà pé ó yẹ kí a máa fi ọ̀rọ̀ òfin dẹ́rù ba olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó o jẹun. Ohun tó ń dùn wọ́n gan-an ni pé Word tí wọ́n fi crack sí máa ń dédé gbé ọ̀pá pupa jáde lókè, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà kan mọ́, ó sì máa ń jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Bí mo ti sọ èyí ní ìpàdé kejì tí mo padà lọ ṣe, mo rí orí tó ń mì gààgàà.

Èyí tó lè rọ́pò Word, Excel àti PowerPoint fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni LibreOffice. Ìdílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1985, ó kọjá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ó sì di LibreOffice ní 2010 nígbà tí àwọn tó ń kọ ọ́ kò fẹ́ràn bí ilé iṣẹ́ tó ni ín nígbà náà ṣe ń ṣe é, tí wọ́n kó kóòdù, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Èmi a máa fi ìtàn yìí ṣàpẹẹrẹ òmìnira, nítorí pé bí ó bá jẹ́ sọ́fítíwià àdánì ni, bí oníǹkan bá ti tì í, ó ti tì nìyẹn. Irú iṣẹ́ tí a bá fi LibreOffice ṣe máa ń wà ní ODF, ètò ìpamọ́ tí ISO, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà, fọwọ́ sí ní 2006, ṣùgbọ́n ó lè ṣí fáìlì Word, ó sì lè fi iṣẹ́ pamọ́ bíi ti Word. Níhìn-ín ni mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: fáìlì tí àtẹ àti àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀ bí ó bá ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì, pàápàá bí irúfẹ́ lẹ́tà tí a lò kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà kejì. Ẹni tó bá fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja, tí kò fẹ́ kí ìlà kan kúrò níbi tó wà, kí ó sọ ọ́ di PDF kó tó fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Linux fúnra rẹ̀ ti wá gba àkókò yìí, nítorí pé Microsoft dẹ́kun àbójútó Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè fún ohun tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní. Linux Mint, ọ̀kan lára àwọn irú Linux tó wà, lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 4 GB lọ. Àmọ́ o, mi ò gba ilé ẹ̀kọ́ kankan nímọ̀ràn pé kí ó nu Windows kúrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ìtẹ̀wé mìíràn wà tí Linux kò tètè mọ̀, ètò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan fi ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB orí kọ̀ǹpútà sì lè jẹ́ èyí tí Windows nìkan lè gbé. LibreOffice ń ṣiṣẹ́ lórí Windows. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo rí tó bá agbègbè wa mu jù lọ ni àwọn èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Abúlé wà ní Bùnú àti ní Yàgbà tó jẹ́ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ gun orí òkè kí fóònù tó mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kiwix, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, máa ń di odidi Wikipedia sínú fáìlì kan tí a lè kà láìsí dátà. Ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ lé ní 90 GB, ṣùgbọ́n àwọn àkójọ kéékèèké wà, ti èdè Yorùbá sì kéré débi pé fíláàṣì kékeré gbà á. Kolibri jọ ọ́, àmọ́ ẹ̀kọ́, fídíò àti ìdánwò ṣókí ni tirẹ̀: a ó fi sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, a ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà tan hotspot, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì fi fóònù wọn so mọ́ ọn, gbogbo wọn á máa ka ẹ̀kọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ra dátà kọ́bọ̀. PhET, tí Carl Wieman, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001, dá sílẹ̀ ní yunifásítì Colorado ní 2002, jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ physics so wáyà mọ́ bátìrì àti gílóòbù lórí ojú kọ̀ǹpútà, kí ó sì rí bí iná ṣe ń lọ, ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò sí gílóòbù kan nínú yàrá ìwádìí rẹ̀. Fún àwọn ọmọ kékeré, GCompris wà, àkójọ eré tí wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Moodle, ètò tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ni lórí ìkànnì, tí Martin Dougiamas gbé jáde ní Australia ní 2002, jẹ́ ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ju tiwa lọ.

Ó wá ku bí a ó ṣe mú gbogbo èyí dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Àwọn àpérò ńláńlá wà fún open source. FOSDEM máa ń wáyé ní Brussels lọ́dọọdún, Open Source Community Africa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, sì ṣe àjọ̀dún rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 2020. Àwọn tó ń kọ kóòdù ló pọ̀ jù níbẹ̀, olùkọ́ ìlú Ìsánlú kò sì ní wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó nítorí sọ́fítíwià. Èrò mi ni pé kí a má dá àpérò tuntun sílẹ̀, kí a mú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà lọ síbi tí àwọn olùkọ́ ti ń péjọ tẹ́lẹ̀. STAN, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ti wà láti 1957, ó sì ń ṣe àpérò lọ́dọọdún. NUT ní ìpàdé ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kan náà a sì máa pàdé kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tó.

Àmọ́ kí wákàtí mẹ́ta náà jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí a mọ̀ sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù lọ́dọ̀ wa ti di ohun tí ènìyàn fi ń gba ìwé ẹ̀rí: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ìdánimọ̀ àwọn àlejò orí àga gíga, ọ̀rọ̀ alága, ọ̀rọ̀ olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì, ìpápánu, fọ́tò, ó parí. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Èmi náà ṣe irú rẹ̀ ní ìpàdé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, àṣìṣe tèmi sì tún pé méjì. Mo ti ní lọ́kàn pé kí gbogbo ènìyàn wa LibreOffice wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nínú yàrá náà. Ó tó 350 MB, àwa bí ọgbọ̀n la wà níbẹ̀. Ó fi díẹ̀ lé ní 10 GB nìyẹn lórí hotspot fóònù mi nìkan. Kí a tó lọ ìdá mẹ́wàá, iná lọ, ẹni tó ni ẹ̀rọ amúnáwá sì ti lọ síbi ìsìnkú.

Ní ìpàdé kejì, fíláàṣì mẹ́wàá ni mo gbé lọ. Mo ti kó LibreOffice sínú gbogbo wọn, mo kó Wikipedia Yorùbá pẹ̀lú, mo sì fi Linux Mint sínú mẹ́rin nínú wọn lọ́nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi lè tan láti ara fíláàṣì láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ Dell tàbí Lenovo yóò tẹ F12 lemọ́lemọ́ bó bá ti ń tàn, ti HP jẹ́ F9. Tí wọ́n bá dán Linux wò tán, tí wọ́n pa kọ̀ǹpútà, tí wọ́n yọ fíláàṣì, Windows wọn wà bó ṣe wà. Ìbẹ̀rù tó pọ̀ jù nínú yàrá náà lọ níbẹ̀, nítorí kò sí olùkọ́ tó fẹ́ pàdánù fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ nítorí òmìnira ẹnikẹ́ni.

Màmá ọjọ́ kìíní tún wá. Ó mú iwé èsì kíláàsì rẹ̀ wá nínú fáìlì páálí, ọmọ mẹ́tàlélógójì, iṣẹ́ mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ ni ó fi báírò kọ. A ṣí Calc, tó jẹ́ Excel inú LibreOffice. Orúkọ àwọn ọmọ wọ òpó A, máàkì iṣẹ́ mọ́kànlá wọ B títí dé L, a sì kọ =SUM(B2:L2) sí M fún àròpọ̀. Ìyẹn kò yà á lẹ́nu. Kakuléétọ̀ lè ṣe é. Ipò ni ó máa ń gba gbogbo òru rẹ̀, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ máa wo àròpọ̀ mẹ́tàlélógójì kí ó tó mọ ẹni tó ṣe ipò kìíní àti ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó kọ =RANK(M2;M2:M44) sí òpó N, ó sì fà á wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Tíṣà, kọ̀ǹpútà yín ń purọ́. Ọmọ tó wà nísàlẹ̀ yìí ló ṣe ipò kìíní? Ọmọ tí kò wá sílé ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!"

Kọ̀ǹpútà kò purọ́. Bí a ti ń fa àṣẹ náà wálẹ̀ ni ibi tó ń wò ń bá a rìn wálẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ìkẹyìn, kò sí ẹlòmíràn tí ó lè fi í wé; ẹni tó bá sá eré òun nìkan yóò gba ipò kìíní dandan. A fi àmì dọ́là há ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ mọ́lẹ̀, =RANK(M2;M$2:M$44), a tún fà á. Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo ipò bọ́ sójú ọ̀nà. Ọmọ méjì ní àròpọ̀ kan náà, àwọn méjèèjì gba ipò kẹta, ẹni tó tẹ̀ lé wọn sì gba ìkarùn-ún, gẹ́gẹ́ bí màmá náà ti máa ń ṣe é lọ́wọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú báírò, ọmọ mẹ́ta lókè, ọmọ mẹ́ta nísàlẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó wá sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ tó jókòó tì í, ó ní kó gbé tirẹ̀ wá. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé bí olùkọ́ kò bá gbé iṣẹ́ ara rẹ̀ wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tó jẹ́ pé àpẹẹrẹ tí mo hun láti ilé ni a ó fi ṣeré, ohun tí a kọ́ kò ní tẹ̀ lé e kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ẹ lè sọ pé Excel náà lè ṣe ohun tí Calc ṣe yìí, òótọ́ sì ni. Àǹfààní òmìnira kò fara hàn nínú ìṣirò. Ibi tó ti fara hàn ni ọ̀dọ̀ olùkọ́ Yorùbá tó wà nínú yàrá náà, ẹni tó jẹ́ pé ó máa ń tẹ ìbéèrè ìdánwò rẹ̀ láìsí àmì, tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde tán, tí yóò wá fi báírò tọ́ àmì àti ìdí ẹ́ẹ̀ àti ọ́ọ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Nínú àwọn ètò bọ́tìnnì ìtẹ̀wé (keyboard) tí Linux gbà wá láyè láti yàn, ti Yorùbá wà lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà. Kò sí ilé iṣẹ́ tó jókòó ṣírò pé àwa Yorùbá pọ̀ tó láti mú èrè wá kí ó tó fi sí i. Ẹni tó nílò rẹ̀ lè ṣe é, kí ó sì fi ránṣẹ́ kí wọ́n fi kún un. Lọ́nà kan náà, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ojú LibreOffice sí onírúurú èdè wà ní gbangba lórí ìkànnì tí wọ́n ń pè ní Weblate, olùkọ́ Yorùbá tó bá sì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ lè kópa níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ kóòdù kan. Mo ti rí i pé àwọn olùkọ́ èdè ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lóye open source, kì í ṣe àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn ló mọ̀ pé kò sí ẹni tó ni èdè.

Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ọjọ́ kejì rẹ̀, nígbà tí olùkọ́ bá délé, tí nǹkan kan bá há, tí kò sì sí ẹni tó máa bi. Owó tí a kò san fún sọ́fítíwià, a ó fi àkókò san án, ó dára kí olùṣètò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ìpàdé tó tú ká, a yan ẹnì kan ní Mópà, ẹnì kan ní Ìsánlú, ẹnì kan ní Kábà níbẹ̀, tí fíláàṣì yóò máa wà lọ́wọ́ wọn, tí àwọn yòókù yóò sì lè pè. Mo tún lọ bá ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ ọjà, mo fún un ní fíláàṣì kan. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà rẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó ń fi sí i nìkan ni mo fẹ́ kó yí padà.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, màmá mú fíláàṣì tirẹ̀ wá bá mi, kò tíì fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ni ní Ẹ̀gbẹ̀. Ṣé mo lè bá a kọ́pì ohun tó wà nínú èyí?"

Mo ní, "Ẹ lè kọ́pì rẹ̀, Mà."

"Mi ò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?"

"Àṣẹ náà wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Mà."

"Bí òun náà bá wá fẹ́ kọ́pì rẹ̀ fún ẹlòmíràn ńkọ́?"

Mo ní kí òun náà kọ́pì rẹ̀. Ó wo fíláàṣì náà, ó ní, "Èyí tí ọmọkùnrin yẹn fi sí i fún mi, ó ní kí n má fún ẹnikẹ́ni, pé yóò bà á jẹ́." Ó ṣí báàgì, ó sọ fíláàṣì sínú àpò kékeré tó ń kó owó ọkọ̀ sí, ó sì lọ wá mọ́tò.